Ìtẹ́ àbí Ìfẹ́? Ìtàn Ọmọbìnrin Ilé-Ẹ̀kọ́ Idán Nínú Géèmù Japan

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn ní òru ọjọ́ tí mo jí, tí mo bá ọmọ yàrá mi níwájú kọ̀ǹpútà, tó ń sunkún. Mo rò pé wọ́n ti lẹ èsì ìdánwò ni. Rárá o, géèmù ló ń ṣe! Ọmọbìnrin kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ idán ló yan ọ̀nà kan, ọ̀nà náà sì já sí ibi tí ọmọ yàrá mi ò fẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jókòó kí o kà á ná." Bí mo ṣe jókòó nìyẹn, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ilẹ̀ fi mọ́ bá mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan ní géèmù kì í ṣe lítíréṣọ̀, àgàgà géèmù ìfẹ́ tí wọ́n ṣe fún obìnrin. Mi ò bá a jà. Mo kàn lọ wádìí ìtàn rẹ̀ ni, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ohun tí wọ́n ń pè ní visual novel kì í ṣe géèmù ìbọn tàbí ti bọ́ọ̀lù. Kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dúró síwájú rẹ, ọ̀rọ̀ á máa jáde nísàlẹ̀, orin á sì máa lọ lẹ́yìn. Tí ìtàn bá dé oríta, á bi ọ́ léèrè: kí lo máa sọ? Ta lo máa tẹ̀ lé? Ohun tí o bá mú níbẹ̀ ló máa sọ bí ìtàn ṣe máa parí. Ìtàn kan, òpin púpọ̀. Ní 1992, ilé-iṣẹ́ Chunsoft gbé Otogirisō jáde fún ẹ̀rọ Super Famicom. Ìtàn ẹ̀rù ni, tí èèyàn ń kà lójú tẹlifíṣọ̀n, "sound novel" ni wọ́n sì pè é. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Leaf bẹ̀rẹ̀ sí í pe tiwọn ní visual novel. Orúkọ yẹn ló wá mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe ibùdó ìtàn? Ọ̀rọ̀ náà jìn díẹ̀. Ní 1899, ìjọba Japan ṣe òfin pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama fún àwọn obìnrin. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀kọ́ náà ni kí ọmọbìnrin lè di ìyàwó rere àti ìyá ọlọ́gbọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó kó àwọn ọmọbìnrin jọ sójú kan, tó tún kọ́ wọn ní ìwé, kò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ní 1916, òǹkọ̀wé obìnrin kan, Yoshiya Nobuko, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Hana Monogatari sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọbìnrin: ìtàn kéékèèké nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ wọn, ìfẹ́ ọkàn wọn àti omijé wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ wá di ibi kan ṣoṣo tí ọmọbìnrin ti lè jẹ́ ti ara rẹ̀, kí wọ́n tó fà á fún ọkọ.

Idán ní tiẹ̀ wọlé lẹ́yìn náà. Ní 1966, Mahōtsukai Sally jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ìtàn ọmọ ọba ilẹ̀ àwọn onídán tó wá gbé láàárín àwa èèyàn. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin onídán ti di ojúlùmọ̀ nínú ilé àwọn ará Japan. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ọmọbìnrin tí òfin ní kó jókòó jẹ́ẹ́, òun náà ni wọ́n fún ní ọ̀pá idán nínú ìtàn. Lójú tèmi, èyí kì í ṣèèṣì.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí 1994, ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí so èso. Géèmù méjì ló jáde. Àkọ́kọ́ ni Tokimeki Memorial ti ilé-iṣẹ́ Konami. Ọmọkùnrin ni ẹni tó ń ṣe géèmù níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi máa wà ní ilé-ìwé girama, tí á máa kàwé, tí á máa ṣe eré ìdárayá, tí á máa tún ara ṣe. Tó bá ṣe é dáadáa, ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọbìnrin á pè é sábẹ́ igi kan, á sì jẹ́wọ́ ìfẹ́ fún un. Ẹ wò ó bí ó ṣe rọrùn tó: bó ti ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ni ìfẹ́ ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú èkejì.

Ìkejì ni Angelique, ti ilé-iṣẹ́ Koei. Ìyáàfin Erikawa Keiko, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ dá Koei sílẹ̀ ní 1978, ló ti ń rò ó pé ó yẹ kí àwọn obìnrin ní géèmù tiwọn, kí àwọn obìnrin fúnra wọn sì ṣe é. Ó kó àwọn obìnrin jọ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Ruby Party. Angelique ni wọ́n bí, òun sì ni wọ́n kà sí géèmù ìfẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún ọmọbìnrin. Otome ni wọ́n ń pe irú géèmù bẹ́ẹ̀ báyìí, ìyẹn wúńdíá.

Akẹ́kọ̀ọ́ni Angelique. Wọ́n yàn án pé kí ó wá dupò ayaba gbogbo àgbáyé pẹ̀lú ọmọbìnrin mìíràn tó ń jẹ́ Rosalia. Àwọn olùṣọ́ mẹ́sàn-án ló wà, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní agbára tirẹ̀: iná, omi, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, òkùnkùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára wọn ni Angelique fi ń tọ́jú ilẹ̀ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́wọ́ ìfẹ́ fún un, tí òun náà sì gbà, ìdíje parí nìyẹn. Kò ní jẹ ayaba mọ́. Ìtẹ́ àbí ìfẹ́? Mú ọ̀kan.

Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀? Ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà. Ọmọkùnrin ṣiṣẹ́, ìfẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin ṣiṣẹ́, wọ́n ní kó mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ má rò pé àwọn obìnrin Ruby Party ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní 1985 ni Japan ṣe òfin pé kí wọ́n fún ọkùnrin àti obìnrin ní àǹfààní kan náà níbi iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986. Òfin wà nínú ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó tàbí tí wọ́n bímọ. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn obìnrin níta náà ni Angelique ń bi wọ́n nínú géèmù. Ó kàn gbé adé lé e lórí ni.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní 2009, ilé-iṣẹ́ Idea Factory gbé Wand of Fortune jáde fún PlayStation 2, lábẹ́ orúkọ Otomate. Géèmù tó pa ọmọ yàrá mi lẹ́kún nìyí. Lulu ni orúkọ ọmọbìnrin inú rẹ̀. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ idán tó lókìkí, inú rẹ̀ ń dùn, àfi ìgbà tí wọ́n ní kò ní ẹ̀yà idán kankan. Àwọn tó kù ní ti iná, ti omi, ti ilẹ̀, ti afẹ́fẹ́, ti ìmọ́lẹ̀ tàbí ti òkùnkùn. Òun ò ní nǹkan kan, ó sì gbọ́dọ̀ wá tirẹ̀ rí kí ìdánwò àṣekágbá tó dé. Ta ni nínú wa ni kò mọ ẹ̀rù yẹn? O wọ yunifásítì, gbogbo èèyàn dà bíi pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, ìwọ nìkan lo ń wòye.

Ohun tó wù mí nínú ìtàn Lulu nìyí: kò sẹ́ni tó ní kó yan ìwé tàbí ìfẹ́. Bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ìfẹ́ ń dàgbà. Méjèèjì jọ ń lọ ni. Ohun tí wọ́n fún ọmọkùnrin lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1994, wọ́n fún ọmọbìnrin náà. Mi ò ní kò ní àbùkù o. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló rẹwà bí ère, ìgbà mìíràn sì wà tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń bo ti Lulu mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òfin 1899 tó ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ìyàwó, dé ọ̀dọ̀ Lulu tó ń wá agbára tirẹ̀, ìrìn náà kì í ṣe kékeré.

Ẹni tó ní kì í ṣe lítíréṣọ̀, mo dáhùn báyìí: lítíréṣọ̀ ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń bi ara wọn ní ohun tí wọn ò lè bi bàbá wọn. Lọ́jọ́ tí èmi ń bọ̀ níbí, wọ́n ṣe ìkìlọ̀ fún mi nílé pé, "Ìwé lo lọ kà o, má lọ tẹ̀ lé ọkùnrin." Àbúrò mi ọkùnrin wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àdúrà ni wọ́n gbà fún un, wọ́n ní kó mú ìyàwó gidi bọ̀ wálé.

Ọmọ yàrá mi tún padà sí oríta tó ti ṣìnà, ó mú ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà kan ò wọjà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ní ọ̀nà méjì péré ló wà fún ọ, ẹ bi í léèrè pé ta ló di àwọn tó kù.