Abẹ́rẹ́, aró àti kókó abẹ́ etí

Ojú-Ọrẹ l'Ọ̀tà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú.

Níbí, bí abẹ́ etí èèyàn bá wú, ṣégede la máa kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n ṣégede máa ń dunni, kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ. Èyí tí kò dunni, tí kò sì lọ, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀kan nínú àwọn àpò tó ń pèsè itọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kókó tó ń yọ lára rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Iṣan tá a fi ń pajú, tá a fi ń rẹ́rìn-ín, gba àárín àpò yẹn kọjá. Bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì kàn án, ojú kan lè má pa dé mọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi fẹ́ mọ ohun tó wà ńbẹ̀ kó tó gé e.

Lọ́dún 1930, ní New York, Hayes Martin tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àti Edward Ellis gbé ìròyìn jáde pé àwọn ń fi abẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì jáde nínú kókó. Ọ̀pọ̀ dókítà kọ̀ ọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé abẹ́rẹ́ lè fọ́n jẹjẹrẹ ká. Àwọn ará Sweden ni kò jẹ́ kó kú. Nígbà tó fi máa di 1967, Eneroth, Franzén àti Zajicek ní Stockholm ti kọ̀wé lórí ẹgbẹ̀rún kan kókó àpò itọ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yẹ̀ wò.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1966, Edington àti Sheiham ti kọ̀wé tiwọn lórí kókó àpò itọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà ti wá, níbi tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ láti 1960. Ọ̀tà wa náà wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà yẹn o! Ẹran ara tí wọ́n gé ni wọ́n ń yẹ̀ wò ní tiwọn.

Abẹ́rẹ́ ọ̀hún tín-ín-rín ni. Wọ́n á fi fa sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n á wá fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó. Aró tí mo wí yìí, aró gan-an ni: ara igi ni wọ́n ti ń rí hematoxylin, tó ń mú àárín sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó máa ka gíláàsì náà ló ṣòroó rí ju abẹ́rẹ́ lọ, torí jẹjẹrẹ àpò itọ́ pọ̀ ní oríṣi, àwọn kan sì jọ kókó tí kò léwu bí ìbejì.

Oníkálukú ń kọ èsì bó ṣe wù ú, títí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu kò ní Milan lọ́dún 2015. Ìwé wọn jáde lọ́dún 2018, ó sì pín èsì sí ìpele mẹ́fà. Mo fẹ́ràn pé ó fàyè gba “kókó ni, àmọ́ a ò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni.”

Ìpele kìíní ló máa ń tan èèyàn jẹ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú èsì yín, kò túmọ̀ sí pé ara yín dá ṣáṣá. Ohun tí wọ́n rí fà kò tó kà ni, ẹ sì ní láti bi dókítà ìgbà tí wọ́n máa tún abẹ́rẹ́ náà gún.