Ta Ni Yóò Sọ Pé Awakọ̀ Ti Mutí Yó? Ìtàn Òfin Kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọtí ti wà tipẹ́ kí mọ́tò tó dé. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé lójú títì, ìbéèrè kan jẹyọ tó dààmú àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún: ta ni yóò sọ pé awakọ̀ kan ti mutí yó, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀? Bí a bá fi ìdáhùn náà sí ọwọ́ ọlọ́pàá nìkan, ẹni tí kò mu nǹkan kan lè jẹ̀bi. Bí a bá sì fi sí ọwọ́ awakọ̀, ọ̀mùtí wo ni yóò gbà pé òun ti yó? Nínú àròkọ yìí, n ó ṣàlàyé bí ìdáhùn náà ṣe kúrò lójú ọlọ́pàá tó bọ́ sórí òṣùwọ̀n, àti ìdí tí àyípadà yìí fi ṣe aráàlú láǹfààní.

Òfin ọtí ti ọdún 1872 ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ohun tó jẹ ìjọba lógún ni àlàáfíà ìgboro: kí ọ̀mùtí má ṣe máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ káàkiri, kí ó má sì dí aráàlú lọ́wọ́. Nínú abala kan náà tí òfin yìí ti fi ìyà jẹ ẹni tó bá mutí yó ní gbangba, ó tún dárúkọ ẹni tó mutí yó nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ẹṣin, màlúù tàbí ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, àti ẹni tó yó tí ìbọn tó ní ọta nínú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ìtanràn irú wọn kì í ju ogójì ṣílè lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ẹ ò rí i pé ojú kan náà ni òfin fi wo ìbọn àti ohun ìrìnnà lọ́wọ́ ọ̀mùtí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1897, awakọ̀ takisí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Smith, fi ọkọ̀ rẹ̀ tó ń lo iná mànàmáná kọlu ilé kan ní òpópónà New Bond. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti mu bíà, wọ́n sì bu owó ìtanràn fún un. Òun ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kà sí awakọ̀ mọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ rẹ̀ rọrùn nítorí pé ó jẹ́wọ́. Àwọn tí kò jẹ́wọ́ ni wọ́n wá di ìṣòro.

Òfin ọdún 1925 dárúkọ ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ rìn ní tààrà. Ti ọdún 1930 sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tí ọtí tàbí oògùn bá ti mú débi tí kò fi lè káwọ́ ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dára létí, ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe fi hàn? Ọlọ́pàá á sọ pé òun gbọ́ òórùn ọtí, pé ojú awakọ̀ pọ́n, pé ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Dókítà á ní kó rìn lórí ìlà tí a fi ẹfun fà sílẹ̀, kó sì pe ọ̀rọ̀ tó máa ń lọ́ ahọ́n pọ̀. Nílé ẹjọ́, agbẹjọ́rò á dáhùn pé oorun ló mú ojú oníbàárà òun pọ́n, pé ìbẹ̀rù ló jẹ́ kó kólòlò. Bẹ́ẹ̀ àwọn aráàlú tó jókòó láti dá ẹjọ́ náà, awakọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn náà sì máa ń mu. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́bi ló bọ́. Ó sì lè ṣòro fún aláìlẹ́bi tó ṣàìsàn lójijì láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ọlọ́pàá bá ti ní ó yó.

Orílẹ̀-èdè Norway ló kọ́kọ́ tọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1936, ó fi òdiwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ sínú òfin: ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ti jẹ̀bi, ìbáà rìn gbọọrọ bí ọ̀pá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe irú rẹ̀. Lọ́dún 1966, ènìyàn 7,985 ni ìjàm̀bá ọkọ̀ pa níbẹ̀. Barbara Castle ni mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọkọ̀ wà. Ohun tó kọ́kọ́ dá lábàá ni pé kí ọlọ́pàá lè yẹ ẹnikẹ́ni wò láìjẹ́ pé wọ́n fura sí i. Ariwo ta. Àwọn ènìyàn ní agbára yẹn pọ̀ jù, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò kí òfin náà tó jáde lọ́dún 1967.

Ohun tó ṣẹ́kù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ní ètò. Òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 80 ọtí nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ yẹ awakọ̀ wò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti fura pé ọtí wà lára rẹ̀ tàbí pé ó ti rú òfin ìrìnnà, tàbí kí ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ á fẹ́ èémí sínú àpò kan láti ẹnu ọ̀pá gíláàsì kékeré. Bí èròjà inú rẹ̀ bá di àwọ̀ ewé kọjá ìlà tí wọ́n fà sí i, wọ́n lè mú un. Síbẹ̀, àwọ̀ ewé yẹn kò tíì tó ẹ̀rí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, á tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó sì lè béèrè ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gbà, kó gbé e fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò. Bí ó bá wà nílé ìwòsàn, dókítà rẹ̀ lè ní kí wọ́n má dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí ti dẹ́ṣẹ̀.

Yorùbá ní ìfura loògùn àgbà. Wọ́n tún ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òfin yìí pa òwe méjèèjì pọ̀: ìfura ọlọ́pàá ló ń ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìfura kò lè dá ẹjọ́.

Àwọn onílé ọtí bínú gidigidi, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan, iye ẹni tó kú lójú pópó dín ní ohun tó lé ní 1,000. Lọ́dún 1968, iye wọn jẹ́ 6,810. Àwọn agbẹjọ́rò náà kò sùn. Bí ọlọ́pàá bá fo ìgbésẹ̀ kan, wọ́n á ní kí ilé ẹjọ́ da ẹ̀sùn nù, àwọn adájọ́ sì gbà fún wọn nígbà mìíràn. Èyí mú inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọlọ́pàá pé agbára tí òfin fún un kò ju ètò tí òfin là sílẹ̀ lọ. Láti ọdún 1983, ẹ̀rọ tó ń wọn èémí ní àgọ́ ọlọ́pàá ti di ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ á fẹ́ ẹ. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì ni wọ́n á lò. Ní ọdún 2014, Scotland sọ òdiwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀ sí 50.

Kí ló kan àwa ọmọ Nàìjíríà? Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún púpọ̀ nínú òfin wa. Ní ọdún 1977, Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń lo ẹ̀rọ tó ń wọn ọtí nínú èémí. Bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé wọ́n ń ta paraga ní ọ̀pọ̀ gárèjì, níbi tí awakọ̀ ti ń dúró de èrò. Ẹ̀rọ nìkan kò lè gbà wá. Ó yẹ kí ẹ̀ṣọ́ mọ ètò kí ó sì tẹ̀ lé e, kí aráàlú náà mọ̀ ọ́n, kí ó lè béèrè ohun tó tọ́ sí i láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ó sì yẹ kí èrò inú ọkọ̀ gbó awakọ̀ tí ọtí ń run lẹ́nu rẹ̀ lẹ́nu kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí bó ti wù kí òṣùwọ̀n péye tó, kò lè jí òkú dìde.