Ilé Oúnjẹ Àgùdà ní Ìta Tinúubú: Ohun Tí Ó Wó àti Ohun Tí Kò Wó

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lọ sí Lisbon fún ìpàdé àwọn onímọ̀ èdè. Nígbà tí ó dé, ó kọ̀wé sí mi pé wọ́n mú àwọn lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí ó ti wà láti ayébáyé, wọ́n sì gbé ẹja gbígbẹ oníyọ̀ tí àwọn Pọtogí ń pè ní bacalhau ka iwájú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó fi parí ìwé rẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn lónìí: "Bàbá, ṣé àwa náà ní irú ilé oúnjẹ Pọtogí àtijọ́ báyìí rí?"

Bẹ́ẹ̀ ni, a ní in. Èkó ló wà. Àmọ́ kì í ṣe Pọtogí aláwọ̀ funfun ló kọ́ ọ. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú òkè òkun bọ̀ ló kọ́ ọ. Ọdún 161 ni ilé náà lò lórí ìdúró kí á tó wó o palẹ̀. Kí n tó dé orí ilé náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àwọn tó ni ín.

Ta ni Àgùdà?

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ìbà, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Àgùdà, ìjọ Kátólíìkì ni a mọ̀ pé ó ń sọ. "Ọmọ ìjọ Àgùdà ni ìyá yẹn." Ó parí síbẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé orúkọ èèyàn ni kí ó tó di orúkọ ìjọ.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ara orúkọ Ajudá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ajudá ni àwọn Pọtogí ń pe ìlú Ouidah tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1721 ni wọ́n kọ́ ilé olódi wọn síbẹ̀, ọdún 1961 ni wọ́n sì tó kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Àwọn Pọtogí ni Yorùbá kọ́kọ́ ń pè ní Àgùdà. Nígbà tí ó yá, àwọn tí wọ́n ti Bràsíl bọ̀, tí wọ́n ń sọ èdè Pọtogí, gba orúkọ náà. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Kátólíìkì, ìjọ náà di Ìjọ Àgùdà. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ Kátólíìkì o. Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ọmọ Àgùdà, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894.

Báwo ni wọ́n ṣe dé Bràsíl? Ogun ni. Bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe ń túká lọ, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ń gba Èkó àti Ouidah kọjá lọ sí Bahia. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní ìlú Salvador. Ìjọba borí wọn, ó lé àwọn kan kúrò nílùú, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àwọn tó ṣẹ́ kù. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ti ra ara wọn padà ti ń wọkọ̀ òkun bọ̀ wálé. Ọdún 1888 ni Bràsíl tó fòpin sí oko ẹrú pátápátá.

Wọ́n dé, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò lè délé. Ẹ̀yin ará Ìbà, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1878 ni wọ́n ja Ogun Jálumi lágbègbè wa, ní Ìkìrun, tí àwọn tó ń sá fún idà bẹ́ sínú odò Ọ̀tìn. Bí ọ̀nà ilé bá rí báyẹn, ta ni yóò kó ìyàwó àti ọmọ gba ibẹ̀? João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Bahia ní kékeré, Èkó ló jókòó sí nígbà tí ó bọ̀. Ilé rẹ̀ ní òpópónà Kakawa, èyí tí wọ́n mọ̀ sí Ilé Olómi, ṣì jẹ́ mánigbàgbé. Báyìí ni Pópó Àgùdà ṣe dìde ní Èkó: Bámgbóṣé, Campos, Ìgbóṣeré, Tòkunbọ̀. Bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀ àti alásè ni wọ́n.

Ilé Fernandez

Ní ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà padà, kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ibi tí à ń pè ní Ìta Tinúubú lónìí. Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ni wọ́n kọ́ ọ fún. Casa do Fernandez ni orúkọ rẹ̀ lédè Pọtogí, Ilé Fernandez náà ni.

Ẹ wo àsìkò yẹn dáadáa. Ọdún mẹ́rin péré ni ó ti kọjá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó ní 1851. Dòsùnmú ló wà lórí oyè. Ẹfúnróyè Tinúubú fúnra rẹ̀ ṣì wà nílùú, nítorí ọdún 1856 ni wọ́n lé e lọ. Ó ku ọdún mẹ́fà kí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá. Láàrin rúgúdù yẹn ni àwọn tí wọ́n ti ta lẹ́rú rí gbé tábìlì kalẹ̀, wọ́n ní kí èèyàn wá jókòó jẹun, kí ó sanwó. Ẹni tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún ní ilé ìdáná olówó rẹ̀ ti wá ní ilé ìdáná tirẹ̀. Èmi kò rò pé nǹkan kékeré nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ lókè, àwọn òpó rẹ̀ sì ní ọnà lára. Irú ilé báyìí ni àwọn tó rówó kòkó padà fi ṣe àwòkọ́ kí wọ́n tó kọ́ tiwọn ní ìlú òkè. Ẹ rìn kiri Òṣogbo tàbí Ìlẹ́ṣà, kí ẹ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, ọwọ́ Àgùdà wà lára wọn.

Ní ọdún 1933, Alfred Omolana Olaiya, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì, ra ilé náà, ó sì di Ilojo Bar. Ní ọdún 1956, ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí òfin dáàbò bò. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, wọ́n wó o. Àwọn kan ní ó ti gbó, pé ó lè wó pa èèyàn. Àwọn mìíràn ní ó ṣeé tún ṣe, òfin sì ń bẹ. Àríyànjiyàn yẹn lọ títí, ṣùgbọ́n ilé ti di òkìtì.

Ní Lisbon, Martinho da Arcada tí wọ́n ṣí ní 1782 ṣì ń gbé oúnjẹ fún èèyàn. Kì í ṣe pé ilé tiwọn kò gbó. Wọ́n ń tún un ṣe ni.

Ohun tó wà lẹ́nu

Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé wó, ọ̀rọ̀ kò wó.

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran, àwọn ọmọ Àgùdà Èkó máa ń se frèjọ́n. Wọ́n á se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi àgbọn àti ṣúgà sè é títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, àwọn kan á sì bu gààrí lé e. Ní Bahia, wọ́n ń se ẹ̀wà olómi àgbọn yìí kan náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Feijão de leite ni wọ́n ń pè é.

Feijão ni ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Pọtogí, "ẹ̀wà" lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì, ẹ wo ohun tí Yorùbá ṣe sí i. Fáwẹ̀lì aránmúpè méjì-nínú-ọ̀kan tó wà ní ìparí rẹ̀, a kò ní irú rẹ̀, a fi ọn rọ́pò. Kọ́ńsónáǹtì àárín, tí Pọtogí ń pè bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn, a sọ ọ́ di j tiwa. Sílébù tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ gba ohùn òkè. Èyí tó yani lẹ́nu ni r. Kò sí r nínú ọ̀rọ̀ Pọtogí. Yorùbá kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀; ṣebí ìdí nìyẹn tí a fi ń pe búrẹ́dì? Èrò tèmi ni pé ẹnu Èkó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dún bí ti òkè òkun, ló bá fi iyọ̀ kún un.

Ẹ tún wo ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wà gbogbo ni feijão, oúnjẹ kan ṣoṣo ni frèjọ́n. Ọ̀rọ̀ tó bá rìnrìn àjò máa ń fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa tó lọ sí ọ̀hún ṣe: àkàrà di acarajé, ẹ̀fọ́ di efó, orúkọ ọbẹ̀ kan pàtó. Omolocum, ẹ̀wà tí wọ́n fi epo pupa àti edé sè, tí wọ́n to ẹyin lé, ni oúnjẹ Ọ̀ṣun ní Bahia. Àwa tí a ń gbé ní ìpínlẹ̀ tí à ń fi orúkọ odò náà pè, mélòó nínú wa ló mọ̀?

Mo kọ́kọ́ jẹ frèjọ́n ní Èkó, nílé ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi àgbà.

"Ẹ̀wà, kí wọ́n bu ṣúgà sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Àti omi àgbọn."

"Ẹ̀wà tí kì í ṣe ọ̀ọ̀lẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀kuru, tí kì í ṣe gbẹ̀gìrì? Ta ló kọ́ wọn?"

Mo ní àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Wọ́n kúkú gbìyànjú. Wọn ò gbàgbé ẹ̀wà."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Àgùdà láti ìgbà náà, títí kan ti Pierre Verger. Gbólóhùn yẹn ni mo ṣì ń bá kiri.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkìlọ̀ kan. Àwọn kan máa ń sọ pé ara Àgùdà ni gbágùúdá ti jáde, torí pé àwọn Pọtogí ló gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Bràsíl. Òótọ́ ni pé Bràsíl ló ti wá, òótọ́ sì ni pé àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n gààrí ṣíṣe kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí Àgùdà, ti gbágùúdá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn nìkan kò tó láti fi so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ohùn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i.

Ìwé àti òkìtì

Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Àkàrà tiwa ni o! Àwa náà kọ Ilé Fernandez sínú ìwé ní 1956. Ìwé méjèèjì jọra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé níbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń jẹ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń bèèrè rẹ̀. Ìwé nìkan kì í ṣọ́ ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, tí ẹ ní àna tàbí ọ̀rẹ́ ní Pópó Àgùdà, ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà nígbà tí wọ́n bá ń se frèjọ́n. Ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀: orúkọ ìkòkò, orúkọ ṣíbí, orin tí wọ́n bá ń kọ nídìí ààrò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Àgùdà ti ń jẹ feijoada nígbà ọdún Bonfim lóṣù kìíní, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ fi àmì ohùn sí ohun tí ẹ bá kọ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì lè gbọ́ ohùn dáadáa, ojú nìkan ló ń ṣe bí ojú àgbà.