Gloriosa superba

Gloriosa superba jẹ́ ìtàkùn olódòdó kan láti inú ẹbí Colchicaceae. Ilẹ̀ Áfíríkà àti gúúsù Éṣíà ni orísun rẹ̀, ó sì ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó àti ọ̀dàn ilẹ̀ Nàìjíríà. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1753. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, a kà á mọ́ àwọn ewéko ilẹ̀ òkèèrè tí ń hù láti inú kókó abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì ń tanná ní ìgbà ooru. Ó lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ni ó ní májèlé, àgàgà kókó rẹ̀ àti hóró rẹ̀.

Ìrísí

Ìtàkùn náà lè ga tó mítà méjì. Ewé rẹ̀ ni ó fi ń gun nǹkan: ṣóńṣó ewé náà gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ká mọ́ igi tàbí koríko tí ó bá fara kàn. Òdòdó rẹ̀ ní ewé òdòdó mẹ́fà tí etí wọn ṣe kólokòlo. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀ sí, tí wọ́n á wá kọjú sí òkè bí ọwọ́ iná. Ìdí nìyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní flame lily, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ẹbí lílì gan-an. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè ni òdòdó náà fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa pọ́n títí yóò fi di pupa. Nítorí náà, a lè rí àwọ̀ mẹ́ta lórí ìtàkùn kan ṣoṣo ní ọjọ́ kan náà.

Lábẹ́ ilẹ̀, ó ní kókó tí ó gùn, tí ó sì sábà máa ń ya sí ọ̀nà méjì. Kókó ni a pè é níhìn-ín dípò iṣu, nítorí pé orúkọ oúnjẹ kò yẹ ohun tí ó lè pa ènìyàn.

Gbígbìn nínú ọgbà ilé

Láti lóye bí a ṣe ń gbin ewéko yìí ní ilẹ̀ olótùútù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń gbé ní ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà òjò ni ó ń hù tí ó sì ń tanná. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìtàkùn náà á gbẹ pátápátá, kókó rẹ̀ á sì máa sùn nínú ilẹ̀ gbígbẹ títí òjò yóò fi padà. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀. Ohun tí olùtọ́jú ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ni pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn fún un.

Ní Oṣù Kẹta tàbí Oṣù Kẹrin, a ó tẹ́ kókó náà sílẹ̀ gbọọrọ nínú ìkòkò, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 sínú ilẹ̀ tí omi kì í dúró nínú rẹ̀. Yàrá tàbí ilé onígíláàsì tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 20 ti Celsius ni ó yẹ ẹ́. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni kí a fi mú un: ṣóńṣó kókó ni ojú tí ń hù wà, bí ṣóńṣó náà bá sì ṣẹ́, apá ibẹ̀ kò ní hù mọ́. Omi díẹ̀ ni yóò tó títí ọ̀mùnú yóò fi yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó fi kún un. Ó nílò ọ̀pá tàbí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti gùn, nítorí ewé rẹ̀ kò lè ká mọ́ òpó ńlá. Nígbà tí òtútù alẹ́ bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, a lè gbé ìkòkò náà síta síbi tí oòrùn ti ń ràn. Òdòdó a máa yọ láti Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án.

Bí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí a dáwọ́ omi dúró. Kókó tí ó gbẹ ni a ó fi pamọ́ sínú yanrìn gbígbẹ, níbi tí òtútù kò ti ní mú un, títí di ọdún tí ń bọ̀. Inú omi ìgbà òtútù ni ọ̀pọ̀ kókó ti ń jẹrà. A lè gbin hóró rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n yóò gba ọdún mélòó kan kí ó tó tanná.

Májèlé

Èròjà colchicine ni ó wà nínú rẹ̀. Ní Sri Lanka àti Índíà, àwọn ènìyàn ti kú nítorí pé wọ́n ṣèèṣì jẹ kókó náà bí iṣu tàbí ọ̀dùnkún. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru máa ń bẹ̀rẹ̀. Ara lè dà bí ẹni pé ó ti fúyẹ́, kí kíndìnrín, ọkàn àti mùdùnmúdùn eegun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Irun ẹni tí ó bá yè é sì lè re lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lọ lójú ẹsẹ̀, láìdúró de àmì kankan.

Ẹni tí ń wa iṣu nínú igbó lè fi ewé dá méjèèjì mọ̀. Ewé iṣu fẹ̀ ní ìdí bí àwòrán ọkàn, ìtàkùn rẹ̀ ni ó sì ń lọ́ mọ́ igi. Ewé Gloriosa rí tẹ́ẹ́rẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ ni ó ń ká. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé kì í sí lókè mọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ń gbìn ín wọ ìbọ̀wọ́, kí ó kọ orúkọ sára àpò tí ó kó kókó sí, kí ó má sì tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìdáná. Ó léwu fún ajá àti ológbò pẹ̀lú.

Ìlò àti ipò láwùjọ

Àwọn oníṣègùn ń lo colchicine, ní ìwọ̀n kékeré gan-an, fún àrùn oríkèé tí a ń pè ní gout. Àwọn onímọ̀ irúgbìn náà ń lò ó láti sọ kírómósómù ewéko di ìlọ́po méjì. Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Índíà, àwọn àgbẹ̀ ń gbin Gloriosa nítorí hóró rẹ̀ tí a ń tà fún àwọn tí ń ṣe oògùn. Òun náà sì ni òdòdó ìpínlẹ̀ náà. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Sìmbábúè. Nígbà tí Elizabeth, tí ó di ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ ní ọdún 1947, wọ́n fún un ní ohun ọ̀ṣọ́ dáyámọ́ǹdì tí a ṣe ní àwòrán òdòdó yìí.

Ní etíkun ìlà-oòrùn Austrálíà, ó ti jáde kúrò nínú ọgbà sí orí yanrìn etí òkun, níbi tí a ti kà á sí èpò.