Bí Owó Àsansílẹ̀ Ṣe Pa Ayálégbé Lẹ́nu Mọ́ l'Ékòó

Ẹni tó bá ń wá yàrá àkọ́kọ́ tí yóò dá gbà l'Ékòó lónìí kò ní pẹ́ mọ̀ pé iye owó ilé kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ọdún mélòó ni yóò san sílẹ̀? Èló ni ti ẹ́jẹ́ǹtì, èló ni ti lọ́yà tó kọ ìwé àdéhùn, èló ni owó kọ́ṣọ̀n tí onílé yóò dì mú nítorí ohun tó lè bàjẹ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ilé gbígbà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sísan owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ìgbà tó wọlé dé, èrò mi sì ni pé òun ló gba agbára ìdúnàádúrà lọ́wọ́ ayálégbé, ju ọ̀wọ́n ilé fúnra rẹ̀ lọ.

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, àlejò kì í háyà yàrá. Ẹni tó gbà á lálejò ló ń fún un láyè nínú agboolé. Bó bá sì fẹ́ dáko, yóò máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun. Èkó ló yí èyí padà. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1861, ilẹ̀ di ohun tí ẹnì kan lè ní ìwé rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n padà wálé láti Sierra Leone àti Brazil, kọ́ ilé tí wọ́n lè fi yàrá rẹ̀ pawó. Nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè sì bẹ̀rẹ̀ ní 1896, Èbúté Mẹ́ta kún fún òṣìṣẹ́ tí kò ní agboolé kankan níbẹ̀. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san owó yàrá.

Irú ilé tí wọ́n ń gbé la wá mọ̀ sí fésì-mí-àì-fésì-yú: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, yàrá dojú kọ yàrá lọ́tùn-ún lósì, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ lẹ́yìn. Onílé fúnra rẹ̀ sábà máa ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bá a dúnàádúrà lé lórí kò lópin: ta ni yóò gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣé àbúrò lè wá gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò kun yàrá, báwo ni wọn yóò ṣe pín owó iná. Kì í ṣe pé àwọn onílé ìgbà náà láàánú ju ti ìsinsìnyí lọ. Ohun tó fún ayálégbé lẹ́nu ni pé owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé tí òrùlé rẹ̀ ń jò yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn mẹ́wàá nígbà tó bá wá gbowó lópin oṣù. Òfin gbígba ilé padà tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1945 bá irú ayé yìí mu: ó fún ayálégbé olọ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó kó jáde, ó fún olóṣù ní oṣù kan, ó sì fún ọlọ́dún ní ìdajì ọdún.

Ìlú wá ń kún. Ìkànìyàn 1952 ka nǹkan bí 267,000 ènìyàn l'Ékòó; ti 1963 ka ohun tó lé ní 665,000. Láti 1955, ìjọba ń wó ilé láàárín erékùṣù Èkó, wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tó ṣèwádìí nípa wọn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1961 pé àwọn tí kì í sanwó nínú ilé ẹbí wá ní owó ilé àti owó ọkọ̀ láti san. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, epo rọ̀bì mú owó wọ̀lú, ẹ̀kúnwó Údójì tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 1975 sì tẹ̀ lé e. Bí owó yàrá ṣe ń lọ sókè, ìjọba Èkó ṣòfin ní 1976 tó dá iye owó yàrá lé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní 1997. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Òfin so owó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ó fi àkókò sílẹ̀, onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọdún.

Òfin ilé gbígbà tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní 2011 jẹ́rìí sí i. Kò fi iye lé yàrá. Àkókò ló dojú kọ. Onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ó sì ka ẹni tó san àsanjù náà sí arúfin. Ta ni yóò wá lọ fẹjọ́ sùn?

Àwọn onílé ní àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Báńkì kì í yá wọn lówó, owó ara wọn ni wọ́n fi kọ́lé, ẹjọ́ ayálégbé tí kò sanwó sì lè pẹ́ nílé ẹjọ́. Mo gbà. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́ lóṣù kẹta, kí ni ẹni tó ti san ọdún méjì yóò fi bá onílé sọ̀rọ̀? Ẹlòmíràn yóò ní ọlọ́dún ló sàn jù, nítorí òfin fún un ní oṣù mẹ́fà kó tó kó jáde, olóṣù sì ní ẹyọ kan. Àtakò yìí ló lágbára jù, ṣùgbọ́n òfin 2011 ní ìgbà tí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan ni iye wọ̀nyí dúró. Olóṣù lè béèrè ìfilọ̀ oṣù mẹ́ta kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Òfin kan náà ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì tó sọ àkókò tí owó náà wà fún, kó sì ṣírò owó kọ́ṣọ̀n àti ti àbójútó ilé fún un, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Ìgbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ ló yẹ kí ayálégbé ti kọ ìfilọ̀ tó fẹ́ àti àwọn ẹ̀tọ́ yìí sínú ìwé àdéhùn.