Ọdún Kan, Orúkọ Púpọ̀: Ìṣírò Ọdún ní Ilẹ̀ Yewa

Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa kò ju èyí lọ: iye ọdún àti orúkọ ọdún kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìwádìí lè ba ìtàn jẹ́.

Ní Ìlaròó, Ayétòrò àti àwọn ìlú Yewa yòókù, ìṣírò mẹ́ta ni ó ń bá ara wọn gbé. Ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì ń lo ọdún ọlọ́jọ́ 365. Àwọn Mùsùlùmí ń ka ọdún ọlọ́jọ́ 354 tàbí 355 láti ìgbà Hijira ní 622. Ààwẹ̀ 66 kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọdún 64 ti ìjọba lọ. Àwọn baba wa ní tiwọn kì í fi iye pe ọdún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a wo 1918. Ní oṣù kẹfà, ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, alámùúlégbè wa, nítorí owó orí. Ní oṣù kẹsàn-án, lúkúlúkú bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, 1336 àwọn Mùsùlùmí di 1337. Ní oṣù kọkànlá, ogun Jámánì parí. Ọdún kan ni lójú akọ̀wé ìjọba, méjì ni lójú àwọn àáfà, orúkọ rẹ̀ sì pọ̀ lẹ́nu ará ìlú.

Ibi tí ó ti ń dunni nìyí. Bí ìyá kan bá ní ìgbà ogun Jámánì ni òun bí ọmọ òun, tí akọ̀wé sì kọ 1914, ó lè ti fi ọdún mẹ́rin kún ọjọ́ orí ẹni tí a bí ní 1918. Ìwé náà ni yóò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí àsìkò rẹ̀ tó pé.

Oríkì ni mo fi orúkọ ọdún wé: kì í kà, ó ń ròyìn. Dáhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886; ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò lórí ààlà tí ó ya Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ, ọmọ rẹ̀. Ààlà pín ilẹ̀, kò pín ọdún ìfọ́ Kétu.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà, orúkọ tí wọ́n pe ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá iye rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìṣírò ta ni.