Bí Ògiri Kò Bá Lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀tá ilé ni wọ́n sábà ń fi í bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí jẹjẹrẹ ti ń ti inú ọmú tú lọ sí egungun àti ẹ̀dọ̀, kí ó yí òwe náà padà, nítorí pé inú ògiri gan-an ni aláǹgbá ti èyí ti ṣẹ̀, ìta ni ó sì ń wá ọ̀nà lọ.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú ọ̀pá wàrà kò kóra jọ lásán. Ńṣe ni wọ́n di ara wọn mú. Prótéènì kan tí ń jẹ́ E-cadherin, tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ jíìnì CDH1, a máa yọ síta lára sẹ́ẹ̀lì kan, a sì so mọ́ irú ara rẹ̀ lára èkejì. Masatoshi Takeichi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jàpáánù, ni ó fi hàn ní Kyoto pé láìsí kálísíọ̀mù, ìdè yìí kò lè dúró.

Nínú jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń pè ní lobular, tí ó jẹ́ bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 gbogbo jẹjẹrẹ ọmú, E-cadherin sábà máa ń pòórá. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a wá máa tò lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láàárín ẹran ọmú, láìdi kókó tí ọwọ́ lè tètè bà; X-ray pàápàá lè fò ó dá. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ tí a ń ṣe fún àwọn ìyá wa kò tó, nítorí kókó nìkan ni a ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmú tí ibì kan rẹ̀ ki, tàbí tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, tó ohun tí à ń gbé tọ dókítà lọ. Obìnrin tí ó bá sì jogún CDH1 tí ó bàjẹ́, irú èyí tí a rí nínú ìdílé Maori ní New Zealand ní 1998, jẹjẹrẹ inú ikùn àti ti ọmú yìí ni ó ń dọdẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdè náà kì í gbè sẹ́yìn ọ̀tá. Jẹjẹrẹ ọ̀pá wàrà, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, sábà máa ń di E-cadherin rẹ̀ mú. Ní 2019, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Andrew Ewald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins sì rí i lára èkúté pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí a gba E-cadherin lọ́wọ́ rẹ̀ a máa ya kiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn a kú lọ́nà kí wọ́n tó ráyè tẹ̀dó síbòmíràn. Nítorí pé lobular sábà máa ń pàdánù E-cadherin, tí ti ọ̀pá wàrà sì ń dì í mú, ni onímọ̀ tí ń fi awò wo ẹran ọmú fi ń kun ún láró wá E-cadherin, kì í ṣe láti wọn bí àrùn náà ti le tó, bí kò ṣe láti mọ irú èyí tí ó jẹ́.